Panápaná àdúgbò l'Àkúrẹ́: irú ọkọ̀ wo ló yẹ ká ní?

ỌmọÒkèÀró:
Ẹ kú ilé o, gbogbo ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó pátá. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí, tó bá gùn ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Iná jó ládùúgbò wa l'Òkè-Àró nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti bẹ̀rẹ̀, wáyà jẹnẹrétọ̀ ló ṣáná sí ìyẹ̀ igi tó wà nílẹ̀. A pe panápaná, wọ́n sì dáhùn, kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn lójú títì. Àmọ́ ọkọ̀ ọ̀hún ò lè wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òpópónà wa, ẹ mọ̀ pé mọ́tò méjì ò lè pàdé níbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù kan ti gbé fẹ́ǹsì ẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, òpó NEPA ló sì kọjú sí fẹ́ǹsì náà. Dírẹ́bà sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ń ha ògiri, nígbà tó yá wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń so hóòsì mọ́ hóòsì, wọ́n ń fà á bọ̀, ó wá tán nígbà tó ku bí ilé mẹ́ta kó débẹ̀. Ojú mi báyìí ló ṣe. Omi ń tú jáde lẹ́nu hóòsì, ó ń já sílẹ̀ẹ́lẹ̀, iná sì wà lọ́ọ̀ọ́kán níbẹ̀ yẹn tó ń jó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń pọn omi kànga. Káfíńtà yẹn pàdánù gbogbo ẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń gé pákó, àga tí wọ́n fẹ́ẹ́ wá gbé fún ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹ̀ di eérú. Kò mú ẹ̀mí lọ, a dúpẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wà l'Amẹ́ríkà wá sọ fún mi pé ní ìlú kékeré tóun ń gbé, ará àdúgbò fúnra wọn ni panápaná, tíṣà wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tí iná bá ti ṣẹ́ wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ wọ́n á sáré lọ, wọn ò sì ń gbowó. Ó ní oríṣiríṣi ọkọ̀ ni wọ́n ní, kálukú ọkọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tiẹ̀. Bí ilé 60 la wà lópòópónà wa. Ṣé àwa náà ò lè ṣe é ni? Irú ọkọ̀ wo la máa rà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ là mí lọ́yẹ.

ÌyáAláǹkárá:
Ọmọ mi, ẹ kú ewu iná o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Èmi ń ta àǹkárá l'Ọjà Ọba, ó ti lé lógún ọdún, mo sì ti gbọ́ kí wọ́n pariwo "iná! iná!" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tá a máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iná, ọ̀dọ̀ ẹrù tiwa la máa ń sá lọ, torí bí iná bá ń jó ni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni la kọ́kọ́ ń gbọ̀n. A ó di ẹrù, a ó kó o sójú ọ̀nà, ẹrù yẹn náà ló tún máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá paná. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ìbéèrè mi ni pé ta ló máa fi kọ́sítọ́mà sílẹ̀ kó lọ paná ilé ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́? Tó bá sì fara pa ńkọ́, ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀?

Bọ̀dáPennsylvania:
Ẹ kú ọjà o, màmá. Ọmọ Àkúrẹ́ lèmi náà, Ìsìnkàn ni wọ́n bí mi sí, Pennsylvania ni mo ń gbé báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọdún kẹfà mi rèé nínú panápaná ọ̀fẹ́ ìlú wa.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi yẹn, màmá, àwọn ará ibí náà bi í nígbà àwọn baba ńlá wọn. Lọ́dún 1736, Benjamin Franklin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Philadelphia, Union Fire Company ni wọ́n pè é. Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ ló wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àpò ńlá. Ẹ wo àpò yẹn dáadáa o, ẹrù ni wọ́n fi ń kó jáde nínú ilé tó ń jó. Àwọn kan ń paná, àwọn kan ń kó ẹrù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ kí olè má bàa kó o. Ohun tó jẹ́ kí onílé lè gbájú mọ́ iná nìyẹn, torí ó mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí ẹrù òun. Títí dòní, nínú gbogbo panápaná Amẹ́ríkà, àwọn tí ò gbowó ju ìdajì lọ dáadáa. Ní Chile ńkọ́, gbogbo panápaná orílẹ̀-èdè yẹn pátá ló jẹ́ ọ̀fẹ́, Valparaíso ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1851. Jámánì náà ní wọn, wọ́n tó mílíọ̀nù kan. Ti ìfarapa, ìbánigbófò wà fún wa, ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láì fi owó kan sílẹ̀ fún un, òótọ́ lẹ sọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kàn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó wà ní gáréèjì wa.

Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìn, òun lọmọdé máa ń yà sínú ìwé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pọ́ńpù. Pọ́ńpù ọ̀hún lè ti omi bíi lítà 4,000 sí 5,700 jáde ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ omi tó gbé sínú ara ẹ̀ lè má ju lítà 2,000 tàbí 3,000 lọ. Ṣẹ́ ẹ rí i? Hóòsì kan ṣoṣo tá a bá dì mú máa ń lo bíi lítà 500 sí 600 ní ìṣẹ́jú kan, tí 3,000 yẹn bá wà níbẹ̀, bí ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi tán. Nítorí náà tó bá ti dé ibi iná, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni ibi tó ti máa rí omi míì. Hóòsì tí ò tíì gba omi máa ń rí pẹlẹbẹ bí ejò tí mọ́tò tẹ̀, tí wọ́n bá ṣí omi sí i á nà gbọọrọ, á le bí igi, tí o ò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ á gbé ẹ ṣubú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún mi, ìgbátí ni mo kà á sí.

Táńkà tún wà, òun ò ju kó máa gbé omi, lítà 10,000 nígbà míì. Níbi tí ò sí omi ẹ̀rọ ìjọba, a máa ń na táńkì tapólì tó ṣeé ká bí ẹní sílẹ̀, táńkà á da omi sínú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, á padà lọ pọn òmíì, ẹ́ńjìn á máa fà á mu níbẹ̀. Ìyẹn ló jọ Àkúrẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo rí níbí.

Alákàbà wà, ó lè na àkàbà tó mítà 30 sókè, mọ́tò tó wúwo bíi kí ni. Ẹ má tiẹ̀ rò ó. Ọkọ̀ ìgbàlà wà, tó gbé ẹ̀rọ tó ń ya irin mọ́tò bí ẹni ya bébà tí ènìyàn bá há sínú ọkọ̀ tó kọlu ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn ni ọkọ̀ igbó, tá a fi ń pa iná inú igbó, píkọ́ọ̀pù lásán ni, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, táńkì kékeré bíi lítà 800 wà lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú pọ́ńpù. Ó lè máa lọ kó máa fọ́n omi lọ.

AlágbàkáBoy:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún àlàyé. Àmọ́ mi ò gbà. Iṣẹ́ ìjọba ni iná pípa. A ń sanwó orí, a ń sanwó ilẹ̀, ká tún wá dáwó ra pọ́ńpù. Tá a bá ti ń ṣe é fúnra wa, wọn ò ní ṣe é mọ́ láéláé.

BàbáPanápaná:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọdún 28 ni mo fi ṣiṣẹ́ panápaná kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọmọ tó ní iṣẹ́ ìjọba ni ò purọ́, láti 1901 tí wọ́n ti dá panápaná sílẹ̀ l'Ékòó lábẹ́ ọlọ́pàá, abẹ́ ìjọba ló wà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bí iná fúnra ẹ̀ ṣe ń ṣe. Tí iná bá ṣẹ́ nínú yàrá kan, tí fóòmù àga àti ti bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, èéfín á kóra jọ sókè àjà, á máa gbóná, á máa gbóná, láàárín ìṣẹ́jú 5 báyìí gbogbo yàrá á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀, àpò ìrẹsì tó wà ní kọ́nà tí iná ò tíì dé rárá, òun náà gbiná. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kí ẹnì kan tó rí i, ìṣẹ́jú kan kó tó rántí pé 112 ni ká pè, kí ọkọ̀ tó jáde, kó tó gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá. Kò síjọba kankan láyé tó lè bá ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Àdúgbò ló ni ín. Tó bá ti kọjá ìyẹn, àwa la ni ín, àwa tá a láṣọ ìdáàbòbò àti ẹ̀rọ ìmí.

Nítorí náà ẹ pín iṣẹ́ yẹn sí méjì. Ẹ̀yin ò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé tó ń jó. Mo tún un sọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Èéfín ló ń pa èèyàn ju iná lọ. Tiyín ni kẹ́ ẹ pa iná kékeré kó tó di ńlá, kẹ́ ẹ da omi sí ilé kejì kó má bàa ràn, kẹ́ ẹ ya ọ̀nà fún panápaná, kẹ́ ẹ sì fi ibi tí omi wà hàn wọ́n.

Ti ọkọ̀, ẹ má ra tòkunbọ̀ ńlá kankan. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tó ń dán, tí ẹnu hóòsì ẹ̀ ò wọ tiwa. Èyí tí mo lò nígbà iṣẹ́ mi kò ní súkúrù, ẹ kàn máa tì í bọnú ara wọn ni, ẹ ó gbọ́ "kò!", ó ti wọlé nìyẹn. Tàwọn Amẹ́ríkà, súkúrù ni. Tí ẹnu méjì ò bá wọ ara wọn, omi wà lápá kan, iná wà lápá kejì.

Bọ̀dáPennsylvania:
Òótọ́ gidi lẹ sọ, bàbá. Wọ́n kọ́ wa ní ìtàn yẹn ní kíláàsì. Ní February 1904, iná jó ní Baltimore, ó fi bí ọgbọ̀n wákàtí jó, ilé tó lé ní 1,500 ló lọ. Àwọn ìlú ìtòsí sáré kó panápaná wọn wá, Washington wà nínú wọn. Wọ́n dé, hóòsì wọn ò wọ ẹnu ẹ̀rọ omi Baltimore, torí kálukú ìlú ló ń rọ ẹnu hóòsì tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnu hóòsì lásán o.

Táńkàomi_ỌbaIlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń wa táńkà omi, lítà 10,000, mo ń já omi fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ táńkà, ẹ mọ̀ pé lítà kan omi kílò kan ni, ẹ ṣírò 10,000, ó tó àpò sìmẹ́ńtì 200 nìyẹn o, tó sì ń rìn. Tí táńkì bá kún dẹ́nu, omi ò ráyè rìn. Tó bá ṣófo, mọ́tò fúyẹ́. Èyí tó kù sí ìdajì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, tẹ́ ẹ bá tẹ búrèkì omi á sáré lọ gbá iwájú, á tún padà wá gbá ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá fi eré yí kọ́nà gbogbo ẹ̀ á kó sápá kan, mọ́tò á ṣubú. Wẹ́dà ló máa ń jó irin ìdábùú sínú ẹ̀ kí omi má ráyè sáré. Ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ò wa táńkà rí nítorí pé iná ń jó.

Tẹ́ ẹ bá pè mí láàárín òru màá wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ wá ibi tí màá da omi sí. Mi ò lè dúró sójú títì kí n máa wò.

Àgbẹ̀Kòkó_Ìdànrè:
Ẹ̀yin ará ìgboro ẹ má gbàgbé àwa tó wà lóko. Tiwa ò ju iná ọyẹ́ lọ. Ẹnì kan á dáná sungbó torí òyà méjì, atẹ́gùn á gbé e wọ oko kòkó, ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀ abẹ́ kòkó nípọn bí ẹní, á máa jó lábẹ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ ò ní rí ọwọ́ iná, ìdí igi ló máa sun, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì kí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lẹ máa fi dúró de òmíì kó tó so. Lọ́dún 1983 tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, irú iná bẹ́ẹ̀ ló jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Gánà.

Ọkọ̀ igbó tí bọ̀dá sọ yẹn wù mí, àmọ́ a ò ní. Ohun tá a ń lò ni sípírèyà tá a fi ń fín kòkó, tẹ̀yìn, lítà 16. A fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, a rọ omi lásán sí i, ọkùnrin mẹ́fà gbé e pọ̀n, àwọn mẹ́fà míì mú imọ̀ ọ̀pẹ tútù láti fi lu iná, obìnrin ń pọn omi tẹ̀lé wa. A sì máa ń ro ilẹ̀ yí oko ká ní November kó tó gbẹ. Ìyẹn nìkan ti gba oko mi là lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọÒkèÀró:
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí wá la máa rà? Ẹgbẹ́ onílé ti ní ká wá jókòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

BàbáPanápaná:
Kèké akẹ́rù, irú èyí tó ń gbé sìmẹ́ńtì. Ẹ gbé táńkì lítà 500 sí i, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá náà nìyẹn, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má mì. Ẹ ra pọ́ńpù alépo, àmọ́ ẹ là á yé ẹni tó ń tà á, torí pọ́ńpù tí wọ́n fi ń bomi rin oko máa ń gbé omi púpọ̀ ṣùgbọ́n kò lágbára láti tì í jìnnà, èyí tó ń ti omi gan-an ni kẹ́ ẹ bèèrè. Hóòsì tó máa tó láti ẹnu títì dé ilé tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì wá hóòsì líle tí ò ní pẹlẹbẹ fún ibi tí pọ́ńpù ti ń fa omi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á látinú odò Alà tàbí kànga, ẹ rántí pé pọ́ńpù ò fa omi sókè ju bíi mítà 7 lọ, bó ti wù kó lágbára tó. Afẹ́fẹ́ òde ló ń ti omi wọlé, pọ́ńpù kàn ń yọ afẹ́fẹ́ inú hóòsì kúrò lọ́nà fún un ni. Nítorí náà tí ẹnu hóòsì kan bá jò bíńtín, kò ní fà rárá. Ẹ fi asẹ́ sẹ́nu ẹ̀ kó má fa iyanrìn.

Iná epo bẹntiróò, ẹ má da omi sí i, epo á léfòó lórí omi á gbé iná lọ sílé ẹlòmíì. Ìfófòó bíi ti ọṣẹ, tí wọ́n ń pè ní fóòmù, ló ń bò ó mọ́lẹ̀, ti ọkọ̀ ńlá nìyẹn. Tiyín ni iyanrìn, tó bá kéré. Gáàsì sílíńdà, tọ́wọ́ bá lè tó fáàfù ẹ pa á. Tí gáàsì bá ń jò tí iná ò tíì mú un, ilẹ̀ ló máa ń lọ bá torí ó wúwo ju afẹ́fẹ́, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan iná mànàmáná.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀rẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tèmi kún un. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe omi dídì. Ẹ má fi epo pupa, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín. Àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ojú títì márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ fọ ẹ̀gbin yẹn kúrò lójú egbò kí a tó rí awọ, wọ́n á máa ké, ọkàn wa á máa gbọgbẹ́. Tí táńkà epo bá sì ṣubú, ẹ sá fún un, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì lọ.

AlágbàkáBoy:
Bàbá, mo ti ka tìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbà. Màá bá wọn kọ lẹ́tà síjọba ìbílẹ̀ fún omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí àwọn náà ṣe tiwọn.

ỌmọÒkèÀró:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

A ti ṣèpàdé. Ilé kọ̀ọ̀kan dá owó, àwọn méjì tí ò ní lọ́wọ́ ní àwọn á gbẹ́ ihò omi, a gbà. A ti ra pọ́ńpù, kèké la yá lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé sìmẹ́ńtì, ó ní tó bá di alẹ́ inú ọgbà wa ni yóò máa sùn. Bàbáa wa wá fúnra wọn láàárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé àga sábẹ́ máńgòrò, wọ́n di aago mú. Èèyàn 14 la jẹ́, obìnrin mẹ́fà. Ìgbà àkọ́kọ́, látìgbà tí wọ́n pariwo títí omi fi jáde lórí hóòsì, ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀, ẹnì kan ti so hóòsì sódì, ẹnì kan ti gbàgbé láti ṣí fáàfù. Bàbá ò bínú, wọ́n ní ká tún un ṣe. Ìgbà kẹrin, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ìyàwó káfíńtà yẹn ló di orí hóòsì mú, ó fẹsẹ̀ méjèèjì múlẹ̀, omi bá òkè ilé alájà kan, kò gbọ̀n.

A tún ṣe ètò àpò, bíi ti Union Fire Company. Ìyá arúgbó méjì ló máa jókòó ti ẹrù.

ÌyáAláǹkárá:
Ọmọ mi, ẹ kọ orúkọ mi sídìí ẹrù yẹn. Màá rán àpò náà fún yín, àpò ńlá mẹ́wàá, aṣọ tó lágbára, mi ò gbowó. Èmi àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi l'ọ́jà fẹ́ẹ́ wá wò yín lọ́jọ́ Sátidé, ká lè bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Táńkàomi_ỌbaIlé:
Ṣé táńkà mi lè wọlé báyìí? Fẹ́ǹsì yẹn ńkọ́?

ỌmọÒkèÀró:
Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé. Lánlọ́ọ̀dù yẹn wà níbi ìdánrawò, a ò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí kèké kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ẹ̀ tí hóòsì há sí kọ́nà, ó rí i, gbogbo wa rí i. Láàárọ̀ àná, mo jí, mo ń gbọ́ gbì, gbì, mo yọjú. Bíríkìlà méjì ló gbé wá, wọ́n ń wó o. Ẹ mú táńkà bọ̀ ní Sátidé, aago méje. Ẹ wọ bàtà òjò.